Ìpamọ́ra Inú Aṣọ

Ọkùnrin kan wà, àbúrò mi, tí ó fi aṣọ rírán di ẹni ńlá. Ìwé tí o kó wá pé kí n bá ọ tún ṣe wà níhìn-ín lórí tábìlì. Mo ti kà á tán, n óò sì dá a padà fún ọ kí o tó lọ. Ṣùgbọ́n fi ìdí lélẹ̀ ná, kí o gbọ́ ti ọkùnrin yìí.

Àwọn ará òde òní ní orúkọ àjèjì tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ń pè é ní afaṣọdárà, nítorí pé kì í ṣe rírán nìkan ni ó ń rán aṣọ, ó ń fi í dárà ni. Kí ó tó di afaṣọdárà, aránṣọ lásán ni. Kí ó sì tó di aránṣọ, ó fi ọdún méje kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àgbà kan ní ìlú kékeré kan tí ojú irin gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ìsọ̀ àgbà náà kò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ni ó wà níbẹ̀, àti tábìlì ìgéṣọ kan, àti irin ìlọṣọ eléèédú tí ère àkùkọ kékeré kan dúró lé lórí. Bí ọkùnrin náà bá ń sọ ti ìgbà náà fún mi, òórùn ni ó kọ́kọ́ máa ń dárúkọ: òórùn èédú, òórùn aṣọ tútù tí irin gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, àti òórùn obì tí ọ̀gá rẹ̀ ń jẹ láti òwúrọ̀ títí ọkọ̀ ojú irin ọ̀sán yóò fi fọn fèrè. Ó ní òun ti wọ ilé ìránṣọ tí ó fẹ̀ ju ọjà ìlú náà lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, òun kò sì tún gbóòórùn ohun kan tí ó dà bíi rẹ̀ mọ́.

Àgbà yìí kì í gé aṣọ ní ọjọ́ tí wọ́n bá mú un wá. Yóò kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi, yóò sì sá a gbẹ, nítorí ó ní aṣọ tí kò bá súnkì lọ́wọ́ aránṣọ yóò súnkì lára oníaṣọ. Okùn ni ó fi ń wọn ènìyàn, tí ó ń ta kókó sí i: kókó kan fún èjìká, kókó kan fún àyà, kókó kan fún apá. Okùn olúkúlùkù wà lórí ìṣó tirẹ̀ lára ògiri. Ẹni tí ó bá wọlé lè rí ara gbogbo ìlú níbẹ̀, tí wọ́n so rọ̀.

Ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí ni wọ́n tún fi ń ṣe ẹlẹ́yà rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ rán ẹ̀gbẹ́ aṣọ méjì pọ̀, yóò fi ìka mẹ́ta tẹ etí aṣọ náà, yóò fa ẹfun sí ẹ̀gbẹ́ ìka kẹta, ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ yóò sì gbà. Aṣọ tí ó bá kù sí ẹ̀yìn ojú rírán, kò ní gé e. Yóò ká a sínú, yóò sì fi irin lọ̀ ọ́ títí yóò fi sùn. Nítorí èyí ni ìlú fi ń pè é ní Oníka-mẹ́ta. Àlejò tí kò bá mọ ìdí orúkọ náà a máa yọ́ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ó ṣe ìka méjì yòókù.

Ní ọjọ́ kan, akọ̀wé kóòtù kan wá gba ṣòkòtò rẹ̀. Ó yí inú rẹ̀ síta, ó rí bí aṣọ ti pọ̀ tó níbẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ rò pé mo máa lóyún ni?"

Àgbà náà kò gbójú sókè nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní, "O kò ní lóyún. Ṣùgbọ́n o lè fẹ́ ẹni tí ó mọ ọbẹ̀ í sè."

Àgbà náà ní orúkọ fún aṣọ tí ó ń ká sínú yìí. Ìpamọ́ra ni ó ń pè é. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé mímọ́ ni bàbá fi ń ṣeré. Bàbá ní òun kò ṣeré rárá. Ohun tí aṣọ pa mọ́ sí ara rẹ̀ de ọjọ́ tí ara ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò yí padà, kí ni à bá tún pè é? Ó ní kí ọmọ náà fi sọ́kàn pé ẹni tí a wọ̀n lónìí kọ́ ni yóò wọ aṣọ náà ní ọdún mẹ́wàá òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni yóò máa jẹ́.

Nígbà tí ọdún méje pé, tí ọmọ iṣẹ́ gba òmìnira, ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá kí ọ̀gá. Olùkọ́ ni ọ̀dọ́bìnrin náà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àgbà náà mú okùn, ó wọ̀n ọ́n, ó sì ta kókó. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ó fi kaba aláró kan ránṣẹ́ sí i. Aṣọ ẹni tí ó ń dúró níwájú ọmọ ilé ìwé ni: ọrùn rẹ̀ ga díẹ̀, apá rẹ̀ sì gùn dé ọrùn ọwọ́. Kaba yìí ni ọ̀dọ́bìnrin náà ń wọ̀ ní gbogbo ìgbà tí àwọn méjèèjì ń fẹ́ra wọn. Ọkùnrin náà sọ fún mi pé títí di òní, bí òun bá di ojú, inú kaba yẹn ni òun ti máa ń rí i, tí ó ń bọ̀ lẹ́bàá ojú irin pẹ̀lú ìwé lábẹ́ apá.

Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin náà lọ sí ìlú ńlá. Ó rí i pé aṣọ tí ó lẹ̀ mọ́ ara ni wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀, ìpamọ́ra a sì máa mú kí ojú rírán wú. Ó ra ẹ̀rọ kan tí ó ń gé etí aṣọ, tí ó sì ń hun ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ahunṣẹ́tí ni mo sọ ọ́, nítorí n kò rí orúkọ kan tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ fún un. Ohunkóhun tí ọ̀gá rẹ̀ ìbá ká sínú, ahunṣẹ́tí a gé e sọnù. Ó wá ń fi yangàn pé inú aṣọ òun mọ́ bí ìta rẹ̀.

Aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀ ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ayé mọ̀. Sányán ni ó fi rán ti ìyàwó. Sányán ni bàbá aṣọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í fẹ́ kí àlùmọ́gàjí kàn án. Ó gé e. Ó rán an mọ́ ọmọbìnrin náà lára, láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, débi pé àwọn ìyá àgbà tí ó wà níjókòó ń bi ara wọn léèrè ibi tí ìyàwó gbà wọ inú rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé àwòrán rẹ̀ jáde. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ wá síbi ìgbéyàwó náà. Ó mú etí apá aṣọ náà, ó yí i síta, ó wò ó, ó dá a padà bí ó ti wà. Ó ní, "Ó dára." Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Ó dára fún òní."

Ọkùnrin náà fi ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí àgbà náà kú, ó lọ sí ìsìnkú rẹ̀. Ó dé ìsọ̀, ó rí i pé wọ́n ti kó àwọn okùn náà kúrò lára ògiri, ó ku ìṣó. Ó ní òun dúró níbẹ̀, òun ń wá ìṣó tí ó jẹ́ ti ìyàwó òun, òun kò sì lè dá a mọ̀ mọ́.

Ó ga sí i. Wọ́n ń pè é sí àfihàn ìmúra ní ìlú tí ó jìnnà. Àwọn ọmọge tí ń fi aṣọ rẹ̀ hàn, tí mo ń pè ní afaṣọhàn, bákan náà ni gbogbo wọn ga, bákan náà ni gbogbo wọn tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í wọn ènìyàn mọ́. Ó ń rán aṣọ tán, a sì ń wá ènìyàn tí yóò bá aṣọ mu.

Ìyàwó rẹ̀ ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà tí àrùn jẹjẹrẹ mú un ní ọmú. Àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n sì gé ọmú náà kúrò. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé, bí òun bá rí ọdún kan sí i, òun yóò dúró níwájú ìjọ láti dúpẹ́, nínú aṣọ tí òun wọ̀ nígbà tí ọkọ òun fẹ́ òun. Gbogbo ilé ni ó gbà pé sányán ni ó ń sọ.

Ó yè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ abẹ náà mú kí apá ọ̀tún rẹ̀ wú láti èjìká dé ìka, àwọn dókítà sì sọ pé wíwú náà kò ní lọ tán mọ́. Bùbá gbàgẹ̀rẹ̀ wà nínú ilé, ó ń wọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n kò wọ̀ wọ́n kọjá ìloro. Obìnrin tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún dúró níwájú ọmọ ilé ìwé kò fẹ́ kí ojú rí òun mọ́. Ọdún ẹ̀jẹ́ sì ń pé bọ̀.

Ọkùnrin náà ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ya àwòrán aṣọ tuntun méje. Ìyàwó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní wọ́n dára, ó sì kó wọn padà fún un. Ó ní gbogbo wọn ni ó ń fi òun pamọ́. Ó ní aṣọ tí òun ti wà nínú rẹ̀ rí ni òun fẹ́, kí òun lè mọ̀ bóyá ẹni náà ṣì wà. Ọkùnrin náà ti pẹ́ nínú àtẹ́wọ́, kò rántí bí a ti í gba bẹ́ẹ̀ kọ́. Inú bí i. Ó ní, "Aṣọ ni mo lè tún rán, Ìyá Títíọpẹ́. N kò lè tún ara rán."

 Ìyàwó ń kí ọkọ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sórí tábìlì, ó ń dáhùn bí ó bá pè é. Ṣùgbọ́n ilé náà dákẹ́ bí ìsọ̀ tí wọ́n ti gbé ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ọdún pé, ọkùnrin náà gbé sányán náà jáde ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó mú abẹ ìtúṣọ, ó jókòó ní ìyẹ̀wù, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sí òdìkejì. Ó yí apá aṣọ náà síta láti tú u, kí ó lè fẹ̀ ẹ́. Ó rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Aṣọ tí ó kù sí ẹ̀yìn ojú rírán kò ju ìbú hóró ìrẹsì kan lọ. Ó yí ẹ̀gbẹ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Inú rẹ̀ mọ́ bí ìta rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ ni ó bi í léèrè. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní, "Bàbá Títíọpẹ́, ṣé ó ní ìpamọ́ra?"

Ọkùnrin náà la ẹnu láti sọ ti aṣọ. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè. Ó wo aṣọ, ó wo ìyàwó rẹ̀. "Kò ní," ni ó wí. "Èmi ni mo gé e kúrò."

Ìyàwó kò sọ pé kò burú. Ó ní òun mọ̀. Ó sì dìde, ó wọ yàrá lọ, ọkọ rẹ̀ gbọ́ bí ó ti ń fi ọwọ́ òsì nìkan wọ́ àpótí jáde lábẹ́ ibùsùn. Nígbà tí ó padà, kaba aláró ni ó mú lọ́wọ́. Ọkùnrin náà ti rò pé kaba náà ti di aṣọ ìnulẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó yí i síta. Ìpamọ́ra wà níbẹ̀, ìka mẹ́ta gérégé, ó sùn bí ọ̀gá rẹ̀ ti lọ̀ ọ́ sí. Ó tú òwú náà, ó sì ṣí aṣọ. Oòrùn àti omi ti fọ ìta kaba náà títí ó fi dà bí ojú ọ̀run ní ìgbà ọyẹ́. Ṣùgbọ́n inú ìpamọ́ra, aró náà ṣì dúdú bí ọjọ́ tí wọ́n rẹ ẹ́. Ìlà ẹfun ọ̀gá rẹ̀ kò tí ì parẹ́, àmì àtàǹpàkò sì wà ní ibì kan tí bàbá ti fi ọwọ́ ẹlẹ́fun mú aṣọ. Ọkùnrin náà gbé e sí imú. Òórùn àpótí nìkan ni ó kù lára rẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé òórùn èédú kò lè sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ òun jókòó, òun ń wá a.

Láti mọ bí yóò ti tú u tó, ó di dandan kí ó wọn apá náà. Láti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, kò tí ì fi ọwọ́ kàn án. Ó wá okùn kan, ó gbé apá náà lé orúnkún ara rẹ̀, ó fi okùn yí i ká. Apá náà gbóná díẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọn ènìyàn mọ́," ni ó wí.

Ó ní, "Mo ń tún un kọ́ ni." Ó sì ta kókó.

Kaba náà gba apá náà. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti tú aṣọ, ìlà aró dúdú kan yọ láti abíyá dé ọrùn ọwọ́, òmíràn sì yọ ní ìhà, lẹ́bàá aró tí ó ti ṣí. Ọkùnrin náà bẹ̀ ẹ́ pé kí òun pa gbogbo rẹ̀ láró kan náà. Ìyàwó kọ̀. Ó ní kí wọ́n rí i. Ọkùnrin náà wá rántí ẹ̀jẹ́, ó ní kí ni wọn yóò ti ṣe ti sányán?

"Kí ni mo sọ?" ni ìyàwó wí. "Mo ní aṣọ tí mo wọ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ mi. Sányán ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ gbé mi níyàwó. Èyí ni mo wọ̀ nígbà tí ẹ fẹ́ mi."

Ó dúró níwájú ìjọ nínú rẹ̀, ó gbé apá méjèèjì sókè. Àwọn obìnrin tí ó wà níbẹ̀ rò pé ọ̀nà tuntun tí afaṣọdárà mú dé ni ìlà dúdú náà. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti ń wá sí ìsọ̀ rẹ̀ láti béèrè irú rẹ̀. Ó ń dá wọn lóhùn pé òun kò lè rán an, nítorí ọgbọ̀n ọdún ni ó ń gbà. Ṣùgbọ́n ó kan ìṣó mọ́ ògiri ìsọ̀ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń kùn títí di òní pé bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ ṣòfò.

Ó di ọ̀dọ̀ rẹ wàyí, àbúrò mi. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jọ dá ilé ìwé sílẹ̀, ó di ọdún mẹ́rìnlá báyìí. O ní láti ìgbà tí ó ti sin ọmọ rẹ̀ ni kò ti rí bí ó ti í rí mọ́. Ó ń gbàgbé ìpàdé, ó ń jágbe mọ́ àwọn olùkọ́, ó ń dìde kúrò láàárín ọ̀rọ̀. O ní o ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ láti ìgbà èwe, kò sì bá àyè tí ó wà mu mọ́. N kò sọ pé o purọ́. Ara tí a gé nǹkan kúrò lára rẹ̀ a máa wú.

Ṣùgbọ́n má bi ara rẹ bóyá ọ̀rẹ́ rẹ ti yí padà. Èyí tí obìnrin náà bi ọkọ rẹ̀ ni kí o bi ara rẹ. Kí o sì rántí ọdún tí ìwọ náà dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ọ̀rẹ́ rẹ ń kọ́ kíláàsì tirẹ̀ tán, tí ó tún ń kọ́ tìrẹ, tí àwọn òbí kò sì mọ̀ pé o kò sí níbẹ̀. Ìka mẹ́ta ni ìyẹn tí ó ká sínú fún ọ. Tú u wò, aró rẹ̀ kò tí ì ṣí.

Ìwé ìyapa tí o kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ nìyí. Mo ti fi àmì ohùn sí i bí o ti ní kí n ṣe. Èdè rẹ̀ gún, kò sì sí àṣìkọ kan nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo kíyè sí: o kọ ọ́ láti etí dé etí, n kò rí ibi tí mo lè kọ ọ̀rọ̀ kan sí ní ẹ̀gbẹ́. Kọ́kọ́ lọ sí ilé rẹ̀, kí o lọ tún un wọ̀n, má sì fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí o bá padà dé, mú ìwé tuntun, fi ìka mẹ́ta lé etí rẹ̀ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Bí o bá ṣì rí ohun tí o fẹ́ kọ, mú un wá, n óò bá ọ fi àmì sí i.